Ẹ Bi Wá Léèrè: Ẹ̀rọ Ìgégi, Oko Tíìkì àti Igi Ẹ̀bá Ilé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín fún iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Iṣẹ́ gẹdú ni mo ń ṣe, ìrókò ni a sì ń gé jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ̀rọ ìgégi mi kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kì í gé tààrà mọ́, apá ọ̀tún ló máa ń wọ́ sí. Èéfín ń yọ níbi tí mo ti ń gé igi, eruku kúnnákúnná ló sì ń dà sílẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀, pé kí n lọ ra písítìn tuntun wá. Ṣé kí n rà á? (Agégi kan, Òǹdó)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ná owó yín. Nínú gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, kò sí ọ̀kan tó ń tọ́ka sí písítìn. Ṣéènì, ìyẹn ẹ̀wọ̀n irin eléyín tó ń yí gé igi, ni gbogbo wọn ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ṣéènì tó bá mú a máa fá igi ní èérún tó ṣeé ṣà lọ́wọ́, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa wọ inú igi lọ láìjẹ́ pé ẹ tì í. Bí kò bá mú mọ́, a máa lọ igi kúnná, agégi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ara tì í, ìgbóná yóò dé, èéfín yóò sì tẹ̀ lé e. Ní ti pé ó ń wọ́ sí ọ̀tún, apá tí eyín rẹ̀ bá gùn jù tí ó sì mú jù ni ṣéènì máa ń yà sí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ kì í pọ́n eyín apá méjèèjì bákan náà.

Fáìlì róbótó ni a fi ń pọ́n ọn, ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ṣéènì mu. Ṣéènì tí wọ́n kọ 3/8 sí lára páálí rẹ̀, tó wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ ńlá àwọn onígẹdú, mílímítà 5.2 tàbí 5.5 ló ń lò. Èyí tí wọ́n kọ .325 sí ń lo mílímítà 4.8. Ẹ wá eyín tó kúrú jù lọ, kí ẹ sọ òun di òṣùwọ̀n, kí ẹ sì pọ́n gbogbo ìyókù títí wọn yóò fi bá a dọ́gba. Láti inú síta ni kí ẹ máa ti fáìlì, kí ẹ gbé e kúrò lára eyín kí ó tó padà. Ọ̀pọ̀ ṣéènì ní ìlà tí wọ́n fín sórí eyín láti fi ìgun tí fáìlì yóò gbà hàn, ìgun náà kì í sì í jìnnà sí dígírì 30.

Ohun tí ọ̀pọ̀ agégi kì í bìkítà fún ni irin kékeré tó yọ gọngọ níwájú eyín kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń pinnu bí eyín yóò ti wọ inú igi tó. Bí ẹ ti ń pọ́n eyín ni eyín ń lọ sílẹ̀, irin yìí kò sì lọ síbì kan, títí di ọjọ́ kan tí ẹ óò pọ́n ṣéènì tí yóò mú dáadáa, síbẹ̀ tí kò ní gé nǹkan kan. Ó yẹ kí ó fi nǹkan bí mílímítà 0.65 rẹlẹ̀ ju eyín lọ. Fáìlì pẹlẹbẹ àti òṣùwọ̀n tí wọ́n ń tà fún un ni kí ẹ fi dín in kù, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, nítorí bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ̀rọ yóò máa já igi gbà, yóò sì máa ta padà sí yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ọ́ìlì ṣéènì wò. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ na imú rẹ̀ sókè kùkùté tó mọ́ láìjẹ́ kí ó kàn án, kí ẹ sì tẹná: ìlà ọ́ìlì gbọ́dọ̀ hàn lórí kùkùté náà. Bí kò bá hàn, ẹ tú u, kí ẹ ro ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú lára ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń rọ sínú ẹ̀rọ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Èérún irin wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ páǹpù, òun náà ló sì ń ta sí agégi lára láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbàkígbà tí ẹ bá pọ́n ṣéènì, ẹ yí irin gbọọrọ tó gbé e dání padà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di òkè, nítorí ìsàlẹ̀ ló ń jẹ jù.

Nítorí pé ìrókò ni ẹ ń gé, ẹ má gbàgbé òkúta inú rẹ̀. Níbi tí igi náà bá ti gbọgbẹ́ rí, ohun líle kan lè dì sínú rẹ̀, igi tó yí i ká a sì máa dúdú ju ìyókù lọ nígbà mìíràn. Bí ṣéènì bá kàn án pẹ́ẹ́, eyín ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá rí i tí èérún igi di eruku lójijì, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pọ́n ọn kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, epo tí a pò ní ìpòkupò ló ń pa á jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ń béèrè mílílítà 20 ọ́ìlì tú-sítíróòkì gidi sí lítà pẹtiróòlù kan, àwọn mìíràn ń béèrè 40. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹni tó ń ta epo.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Hẹ́kítà kan ni mo fi gbin tíìkì, mítà 2.5 ni igi kan sí èkejì. Wọ́n ti pé ọdún mẹ́fà, ewé wọn ti pàdé lókè, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́. Oníbàárà kan fẹ́ ra àwọn tó tóbi jù níbẹ̀ fún òpó, ó ní àwọn kékeré yóò dàgbà tó bá yá. Kí ni ìmọ̀ràn yín? (Olóko kan, Ìsẹ́yìn)

Ìdáhùn: Ẹ má tà wọ́n fún un. Ọjọ́ kan náà ni ẹ gbin gbogbo wọn. Àwọn tó kéré kì í ṣe àbúrò tí yóò dàgbà tó bá yá, àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ti borí ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní gbérí mọ́ bí ẹ tilẹ̀ ṣí oòrùn sílẹ̀ fún wọn.

Igi 1,600 ló wà nínú hẹ́kítà tí a gbìn báyẹn. Iye yẹn dára nígbà tí wọ́n ṣì kéré, torí pé fífún tí wọ́n fún mọ́ra ló mú kí wọ́n dúró ṣánṣán tí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ sì kú fúnra rẹ̀. Ní báyìí, ó tó àkókò kí nǹkan bí ìdajì kúrò, kí ẹ tún dín wọn kù ní bí ọdún márùn-ún sí i, títí yóò fi ku bí 300 tí ẹ óò tọ́ dàgbà fún pákó. Àwọn tó wọ́, àwọn tó ya méjì láti ìsàlẹ̀, àwọn tí iná ti jó ní ìdí àti àwọn tí kò rí oòrùn mọ́ ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Àwọn náà ní olùrà, nítorí wọ́n wúlò fún òpó ọgbà, fún igi àjà àti fún èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró.

Kí ọyẹ́ tó mú ni kí ẹ ti sàmì sí wọn, nítorí tíìkì a máa wọ́wé ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kò sì ní mọ èyí tó rí oòrùn yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ òmíràn mọ́. Ẹ fi ọ̀dà kùn wọ́n níbi méjì, ní ọ̀gangan àyà àti ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí àwọn agégi bá ti lọ tán, ẹ rin inú oko náà já. Kùkùté tí kò bá ní ọ̀dà lára, ẹ pe olórí wọn kí ó wá ṣàlàyé rẹ̀.

Níbi tí igi bá fún báyìí, èyí tí wọ́n gé tí ó há sórí òmíràn ló léwu jù. Kí ẹnikẹ́ni má gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí wọ́n má sì gé èyí tó gbé e ró; ìdí rẹ̀ ni kí wọ́n so okùn mọ́, kí wọ́n dúró lókèèrè fà á. Ẹni tí kò bá níṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga igi tí wọ́n ń gé.

Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ oko mọ́ yí ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Ewé tíìkì tó gbẹ sílẹ̀ kì í pẹ́ gba iná lọ́wọ́ àwọn ọlọ́dẹ, igi tí iná bá sì bó èèpo ìdí rẹ̀ lè máa jẹrà láti inú wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀ka máńgòrò aládùúgbò mi ti dà bo òrùlé mi, ó sì ti kan wáyà iná. Ọmọkùnrin kan ní òun yóò gùn ún pẹ̀lú àdá. Ṣé kò séwu? (Ìyá onílé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ewu wà, Mà. Ẹ̀ka tútù a máa gbé iná, ẹni tó sì wà lórí igi kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹ jọ lọ bá ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní àdúgbò yín, ẹ̀yin àti aládùúgbò yín, kí wọ́n pa iná náà kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ayùn sàn ju àdá lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ ẹ̀ka náà díẹ̀ láti abẹ́, kí wọ́n wá gé e láti òkè ní iwájú díẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ, kí èèpo má baà ya dé ara igi nígbà tó bá ń já bọ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gé kùkùté ẹ̀ka tó kù níbi tí ó ti wú díẹ̀ lẹ́bàá igi, láìgé ibi tó wú náà. Ẹ má fi ọ́ìlì kùn ún.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gbin ìrókò nìkan sí éékà méjì. Ṣé yóò ṣe é ṣe? (Òǹkàwé kan, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ìrókò nìkan lórí ilẹ̀ gbalasa ṣòro. Kòkòrò wínníwínní kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma a máa wọ inú ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀, ibẹ̀ yóò wú ní kókó, yóò bẹ́, yóò sì jẹrà, igi kékeré náà yóò sì kú láti orí wálẹ̀. Ó sàn kí ẹ gbìn ín káàkiri láàárín igi mìíràn tó lè ṣíji bò ó. Ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, tí ó wà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn láti 1954, ni kí ẹ ti lọ béèrè irúgbìn. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ máa yẹ ọ̀mùnú wọn wò lóòrèkóòrè, kí ẹ gé kókó tí ẹ bá rí kí ó tó bẹ́, kí ẹ sì sun ún.