Àbúrò mi ní Oǹdó, má tíì san owó sátífíkéètì yẹn

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. O ní ọdún mẹ́rin rè é tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Oǹdó, pé ND lo ní, pé ipò Library Assistant tí wọ́n fi gbà ọ́ náà lo ṣì wà, ọ̀gá rẹ sì ń sọ pé kò sówó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ní báyìí, ẹnì kan ń polówó sátífíkéètì orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ ní ₦65,000, o sì ń rò ó bóyá kí o fi owó àjọ tí o máa kó lóṣù tó ń bọ̀ san án. O tún béèrè bóyá Koha, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé ìkàwé fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé rẹ̀, le láti kọ́.

Má tíì san owó náà. Mo ti san irú rẹ̀ rí.

Ọdún 2012 ni, ní Àkúrẹ́ níbí. ₦40,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, owó tí mo fi oṣù márùn-ún tu jọ. Wọ́n fi ìwé kíkà ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, mo kà á, mo dáhùn ogún ìbéèrè, ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà sì dé. Nígbà tí wọ́n pè wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìgbéga, òun ni mo kọ́kọ́ nà sí wọn. Alága yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Màdáámù, ta ló fọwọ́ sí àwọn tó fún yín ní èyí?" Mi ò rí ìdáhùn. Bàbá kan tó jókòó létí fèrèsé wá fa ìwé kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tí ìwé yìí bá dé bá yín lónìí, nọ́ńbà wo lẹ máa fún un?" Ọdún mẹ́jọ ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ ìwé nígbà náà, mi ò sì mọ nọ́ńbà tí màá kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó ń sọ ibi tí ìwé máa wà lórí pẹpẹ. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Alágbàká dé Ọjà Ọba lọ́jọ́ náà, torí mi ò lè jókòó ti ẹnikẹ́ni nínú táásì.

Ìbéèrè bàbá yẹn dùn mí ju ti alága lọ, nítorí ó rán mi létí ọmọbìnrin kan. Oṣù méjì ṣáájú, ọmọ náà, tó ń ṣe teaching practice, wá bá mi nídìí tábìlì. Ìwé lórí oríkì ló ń wá. Mo wo pẹpẹ ìwé, mo ní kò sí. Ó dúpẹ́, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ páálí kan wà lábẹ́ tábìlì tí mo jókòó sí yẹn gan-an, tí ẹni tó ṣáájú mi kọ "Local Books" sí lára. Gbogbo ìwé Yorùbá tí ilé ìkàwé wa ní ló wà nínú rẹ̀. Ẹni náà kò mọ ibi tí ì bá tò wọ́n sí. Èmi náà ò mọ̀, mo kàn máa ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn ni mo tú u wò. Ìwé oríkì méjì ló wà níbẹ̀. Mi ò fojú kan ọmọ náà mọ́ títí di òní.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí o má bẹ̀rẹ̀ láti ibi sátífíkéètì. Ohun tí èèyàn wá béèrè lọ́wọ́ rẹ tí o kò lè fún un, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí èmi ṣe ni pé mo gba ìsinmi ọdọọdún mi, ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará ilé rò pé Ìdànrè ni mo fẹ́ lọ, lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìkàwé kan tó tóbi ju tiwa lọ nínú Àkúrẹ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó ti ẹni tó ń ṣe kátálọ́ọ̀gì wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tí wọ́n ní, pé mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí wọ́n tó gbà. Ìyá tí wọ́n fi mí tì kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èèyàn fò kọjá ohun tí kò yé e.

Mo sọ fún un pé Dewey, ètò tó ń fi nọ́ńbà pín ìwé sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, là ń lò níbi iṣẹ́ wa, ó sì gbé ìwé Dewey mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú mi. Ó ní ìkẹrin, tó jẹ́ atọ́ka, ni kí n kọ́kọ́ ṣí láti wá ọ̀rọ̀ tí mò ń wá. Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà tí mo bá rí níbẹ̀ sára ìwé kankan àyàfi tí mo bá padà sínú ìkejì tàbí ìkẹta lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ ìyẹn. Atọ́ka nìkan ni wọ́n ń wò, ìwé lórí àìsàn ẹran ọ̀sìn á wá bọ́ sáàárín ìwé oúnjẹ sísè.

Ọjọ́ kẹta la dé orí Yorùbá. 400 ni èdè, 800 ni lítíréṣọ̀. Ó fi 496.333 hàn mí fún èdè Yorùbá, ó wá ní kí n lọ wá nọ́ńbà lítíréṣọ̀ Yorùbá fúnra mi. Mo wá a títí, mo rí i: 896.333. Ó ń wò mí, kò fọhùn. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó rí i pé 4 ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló di 8, pé ìyókù kò yí padà. Àbúrò mi, inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ wúrà yẹn dé lọ. Àṣé a kì í há nọ́ńbà wọ̀nyí sórí. Tí o bá ti mọ bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀, o lè fúnra rẹ dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò mú ọ dé. Ìwé òwe bọ́ sí 398.9, ìtàn Nàìjíríà bọ́ sí 966.9, gbogbo rẹ̀ wá ń ní ìdí tó fi wà níbi tó wà.

Láíbìrì tiwọn ń lo ètò mìíràn, ti Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá kan ní Amẹ́ríkà, bíi ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, nítorí náà ó tún fi PL8821 hàn mí fún Yorùbá, àti DT515 fún Nàìjíríà. Wo ẹ̀yìn ìwé yín dáadáa kí o mọ èyí tí ẹ ń lò, má sì da méjèèjì pọ̀.

Ohun tí mi ò retí pé màá kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan wọlé, ó ní òun fẹ́ ìwé lórí kòkó. Èmi ti fẹ́ dìde. Ìyá náà kò kúrò lórí àga. Ó bi í pé, "Kí ni olùkọ́ yín ní kí ẹ kọ?" Ọmọ náà ní àìsàn tó ń sọ èso kòkó di dúdú nígbà òjò ni. Tó bá jẹ́ èmi ni, ìwé lórí òwò kòkó ni ǹ bá kó lé e lọ́wọ́, á gbé e délé, á sì gbà pé ilé ìkàwé kò wúlò fóun.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi fún ìwé 61 tó wà nínú páálí ní nọ́ńbà, mo sì tò wọ́n sórí pẹpẹ. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ẹnì kan fi yá èyí àkọ́kọ́.

Koha kò le láti lò. Títọ́jú rẹ̀ ló le. New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2000, ẹ̀bùn sì ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè àwọn Māori. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Àgùnbánirọ̀ kan tó mọ Linux ló bá wa gbé e sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tẹ ìwé 2,300 sínú rẹ̀. Koha máa ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, ìyẹn sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà kan náà ló ń kó ẹ̀dà náà sí, mi ò sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà kó tó parí ìsìnlú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ, ó dé pẹ̀lú agbára, hard disk sì jóná. Iṣẹ́ àti ẹ̀dà rẹ̀ bá a lọ pọ̀. Mo sunkún, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé kìíní. Èyí tí mo fi rí ìrọ̀rùn lẹ́ẹ̀kejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní Z39.50, tó ń jẹ́ kí Koha lọ fa àkọsílẹ̀ ìwé wá tààrà láti Library of Congress ní Amẹ́ríkà. Ìwé ilẹ̀ òkèèrè yá kíákíá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ ni mo fọwọ́ tẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń da gbogbo rẹ̀ sórí dírááfù méjì, ọ̀kan wà lọ́fíìsì, mò ń gbé ìkejì lọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọ́ ọ ní Koha láì kọ́ ọ ní èyí, kò tíì kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ. Ẹni tó ní kò sówó lè máa sọ òótọ́, má bínú sí i. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ọ̀gá tèmi, ohun tó wà nínú wọn kò ju pé mo fẹ́ lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ó ràn mí lọ́wọ́. Kò dá mi lóhùn. Ẹ̀kẹta ni mo jókòó rò. Mo lọ ka ìwé tí kò ní nọ́ńbà nínú yàrá ẹ̀yìn, 412 ni. Mo kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. Mo ní ẹ̀ka àwọn tó ń ṣe kátálọ́ọ̀gì nínú NLA, ẹgbẹ́ àwọn oníláíbìrì ilẹ̀ wa tó ti wà láti 1962, ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo kọ iye tó máa ná wa, mo ní ilé àbúrò ìyá mi ni màá sùn sí, pé láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tí mo bá dé, 412 yẹn á ti wà lórí pẹpẹ, àti pé gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni màá máa kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ní ohun tí mo bá kọ́. Ojú ewé kan péré ni gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ sí owó ọkọ̀ àti ìdajì owó ìforúkọsílẹ̀. Mo san ìyókù tayọ̀tayọ̀, mo sì mú ìlérí mi ṣẹ, nítorí ìyẹn ló jẹ́ kó gbọ́ tèmi ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí o kò ní sanwó fún rárá, àfi dátà. AfLIA, àjọ àwọn ilé ìkàwé Áfíríkà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra, ti kọ́ àwọn oníláíbìrì bí a ṣe ń lo Wikipedia, èmi náà sì jàǹfààní níbẹ̀. Bákan náà ni ètò #1Lib1Ref, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tí wọ́n ń ṣe láàárín oṣù kìíní sí ìkejì, tí wọ́n sì tún ń ṣe láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹfà: ìwọ oníláíbìrì á wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀rí lórí Wikipedia, wàá fi ìwé tó jẹ́rìí sí i síbẹ̀. Ṣe é lórí Wikipedia Yorùbá. Kò sí ohun tó tètè kọ́ mi bí a ṣe ń wá orísun ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Research4Life náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì ní ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ púpọ̀ lórí ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀, òfin àti àyíká. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe èèyàn kan, nítorí náà béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ yín ti wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ìyẹn náà lè wọ inú lẹ́tà rẹ.

Mi ò sọ pé ìwé ẹ̀rí kò ṣe pàtàkì o. Tó bá jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ ni kí o di librarian gan-an, kò sí sátífíkéètì oṣù mẹ́ta tó lè gbé ọ débẹ̀. LRCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tí òfin 1995 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ àwọn librarian sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, dígírì nínú ìmọ̀ láíbìrì ni wọ́n sì ń wò. Èmi gba ti National Open University, wọ́n ní ibùdó ní Àkúrẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe é pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àárín òru ni mo fi ń kàwé, ó sì rẹ̀ mí gan-an. ₦65,000 yẹn á wúlò fún ọ níbẹ̀ ju ibi tí wọ́n ń pè ọ́ sí lọ. Kí o tó ná kọ́bọ̀ sórí ìwé ẹ̀rí yòówù, lọ sí Establishment, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yín, ní kí wọ́n fi scheme of service, ìwé ìlànà ipò àti ìgbéga, hàn ọ́, kí o sì fojú ara rẹ rí ìwé tí wọ́n ń kà sí fún ìgbéga láti ipò tí o wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ lórí tábìlì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá béèrè tí o kò rí fún un, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀ gan-an, kí o sì kọ ohun tí o dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, kọ wọ́n wá síbí fún mi. A ó jọ wo èyí tí o lè fọwọ́ ara rẹ kọ́, èyí tí o ní láti lọ jókòó ti ẹlòmíràn fún, àti èyí tó tó kí ọ̀gá rẹ sanwó lé lórí, màá sì bá ọ ka lẹ́tà náà kí o tó fi ránṣẹ́.