Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Omi Tí Kò Yé Kán Lábẹ́ Síǹkì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí omi ti ń kán sínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì ilé ìdáná mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ wáṣà ibi tí páìpù ti tẹ̀, mo wé tépù funfun mọ́ ọn, mo sì fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ kò jáwọ́. Èyí tí ó rú mi lójú ni pé bí mo bá ṣan ife kan tàbí méjì, gbogbo rẹ̀ a gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n bí mo bá dí ihò síǹkì, tí mo pọn omi kún un, tí mo sì fọ abọ́ tán, inú kọ́bọ́ọ̀dù á ti tutù kí n tó nu ọwọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

ÈSÌ: Ohun tí ó rú yín lójú yẹn gan-an ni ó là wá lójú. Omi tí ń wọlé lọ sí ẹnu ẹ̀rọ kì í sinmi. Agbára wà lẹ́yìn rẹ̀ tọ̀sán-tòru, nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé páìpù rẹ̀ ni ó jò, ì bá máa kán kódà nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. Omi tí a ti lò kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ó bá ń kọjá tàbí tí ó bá dúró síbì kan nìkan ni ó lè rí ọ̀nà jò. Ọ̀nà tí omi tí a ti lò ń gbà jáde ni ẹ máa wò.

Ibi tí páìpù ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, nítorí pé òun ni ó wà nísàlẹ̀ jù. Omi tí ó bá jò lókè a máa rọra tẹ̀ lé ara páìpù wálẹ̀, a sì kán níbi tí kò ti rí ibòmíràn gbà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí: ẹ̀tẹ̀ ni ẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹ kó gbogbo ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù jáde, kí ẹ fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo páìpù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wé tíṣù gbígbẹ mọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ dí ihò, kí ẹ pọn omi kún síǹkì, kí ẹ má sì tíì tú u. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Bí tíṣù òkè pátápátá bá tutù nígbà tí omi kò tíì ṣàn rárá, asẹ́ irin ẹnu ihò síǹkì ni ó jò, èmi gan-an sì gbà pé òun ni. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tú omi ni tíṣù ìsàlẹ̀ tutù, ẹ wò ó bóyá omi ń lọ́ra láti lọ. Páìpù tí ó dí díẹ̀ níwájú máa ń mú kí omi padà gun òkè, kí ó sì máa wá ibi tí kò le tó.

Láti tún asẹ́ yìí ṣe, ẹ tú nọ́ọ̀tì ńlá abẹ́ rẹ̀, kí ẹnìkan di asẹ́ náà mú lókè kí ó má baà máa yí. Ẹ ha gbogbo pọ́tì àtijọ́ (ohun rírọ̀ bí amọ̀ tí a fi ń dí omi) kúrò, ẹ fi pọ́tì tuntun tàbí sílíkónì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí ń dí omi, sí abẹ́ etí asẹ́ náà lókè, kí rọ́bà tuntun sì wà lábẹ́ síǹkì. Bí ó bá jẹ́ sílíkónì ni ẹ lò, ẹ fún un ní wákàtí 24 kí omi tó kàn án.

Ní ti tépù funfun yẹn, ẹ yọ ọ́. Níbi oríkèé páìpù ìdaminù, wáṣà ni ó ń dí omi, nọ́ọ̀tì kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, tépù a sì máa jẹ́ kí nọ́ọ̀tì wọlé ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọjú apá wáṣà tí ó ṣóńṣó sí ihò tí páìpù wọ̀, kí apá pẹlẹbẹ kọjú sí nọ́ọ̀tì. Bí nọ́ọ̀tì náà bá jẹ́ ti ike, ẹ fi ọwọ́ yí i le, kí ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan kún un. Ẹ sì yẹ èyí tí ẹ fi sípánà fún wò dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ó ti sán. Ẹ gbé garawa sábẹ́ kí ẹ tó tú páìpù náà, ẹ má sì da kẹ́míkà tí a fi ń la páìpù tó dí sí i ṣáájú, kí ó má baà ta sí yín lójú.

ÌBÉÈRÈ: Ní tèmi, àárọ̀ ni mo máa ń bá omi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò lo síǹkì lóru.

ÈSÌ: Bí omi náà bá wà kínkínkín káàkiri ara páìpù tútù bí ìrì, kì í ṣe jíjò, atẹ́gùn tí ó ní ọ̀rinrin ló fà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa fáàfù kékeré abẹ́ síǹkì lálẹ́, kí ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀ kí agbára omi inú rẹ̀ lè rọ̀, kí ẹ sì wé tíṣù mọ́ gbogbo ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó gbẹ, okùn omi tí ó ti fáàfù lọ sí ẹnu ẹ̀rọ, tàbí ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ni ẹ ó tún ṣe. Bí tíṣù ara fáàfù bá tutù, ẹ ti omi gbogbo ilé pa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.