Ẹ Bi Wá: Ohun Tí Kámẹ́rà Kì Í Fi Hàn Nígbà Tí Àwọn Gbajúmọ̀ Bá Gun Kẹ̀kẹ́

Ìbéèrè nípa àwọn ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń kó àwọn gbajúmọ̀ gun kẹ̀kẹ́ ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín lóṣù yìí. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé ń gbé nílùú Ọba, àwọn kan nínú yín sì fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti London dé Brighton, máìlì 54, láti fi kówó jọ fún àánú. Torí náà, bí ẹni tó ń bá ẹni tó máa gùn ún sọ̀rọ̀ la ṣe dáhùn.

Èmi àti ìyàwó mi wo Tour de Celeb tí Channel 5 ṣe lọ́dún 2016, níbi tí wọ́n ti kó àwọn gbajúmọ̀ lọ gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè ilẹ̀ Faransé. Ṣé lóòótọ́ làwọn gbajúmọ̀ yẹn fẹsẹ̀ ara wọn gun òkè náà? Ṣé ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ dáadáa rí lè gbára dì láàárín oṣù mélòó kan? — Bàbá kan ní Peckham

Bàbá, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi gùn ún. L'Étape du Tour tí wọ́n kó wọn lọ kì í ṣe ohun tí tẹlifíṣọ̀n dá sílẹ̀. Láti 1993 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Faransé: wọ́n á mú ọ̀kan nínú àwọn ojú ọ̀nà tí àwọn ọ̀jẹ̀ máa gùn nínú Tour de France ọdún náà, wọ́n á dí i mọ́ ọkọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lásán á sì gùn ún. Ọkọ̀ kan máa ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá tí àwọn Faransé ń pè ní ọkọ̀ ìgbálẹ̀. Ẹni tó bá lé bá, eré ti parí fún un nìyẹn. Ọkọ̀ ìgbálẹ̀ kò mọ gbajúmọ̀.

Lọ́dún 2016, láti Megève sí Morzine ni, láàárín àwọn òkè Alps. Kìlómítà 146 ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ nítorí àpáta tó ń ya lulẹ̀ ní òkè Ramaz, wọ́n yọ òkè náà kúrò, ó ku 122. Aravis, Colombière àti Joux Plane ló wá kù. Joux Plane ló ń dá èèyàn lágara. Kìlómítà 11.6 ni, bẹ́ ẹ bá sì ti rin ọgọ́rùn-ún mítà lórí rẹ̀, ẹ ti gòkè mítà mẹ́jọ àbọ̀. Òpin ọ̀nà ló wà, nígbà tó ti rẹ ẹsẹ̀.

Darren Gough tó ju bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì fún England wà nínú àwọn gbajúmọ̀ mẹ́jọ tó wà nínú ètò náà. Austin Healey tó gbá rọ́gíbì wà níbẹ̀, àti Amy Williams tó gba góòlù skeleton, ìyẹn eré tí wọ́n ti ń dojú bolẹ̀ lórí pákó tó ń yọ̀ lórí yìnyín, ní Vancouver lọ́dún 2010. Òǹwòran á rò pé eléré ìdárayá ni wọ́n, òkè kò ní í ṣe wọ́n ní nǹkan. Òkè kì í bi èèyàn léèrè ohun tó ti ṣe rí, ìwọ̀n ara ló ń bi í. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí ẹni tó wọn kílò 75 tó lè gun Joux Plane ní kìlómítà mẹ́sàn-án àbọ̀ ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fún pẹ́dà ní agbára tó tó nǹkan bíi wátì 200 fún wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 100 á nílò bíi 255 láti máa bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí alágbára ńlá fi máa ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí ẹni tín-ín-rín ń kọjá lọ.

Ní ti oṣù mélòó kan: oṣù mẹ́ta tó fún ẹni tí ara rẹ̀ le, bí dókítà bá ti ní kó máa lọ. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ gùn ún. Méjì á kúrú, ìṣẹ́jú 45 sí 60, ọ̀kan á gùn. Ẹ fi kìlómítà 40 bẹ̀rẹ̀ èyí tó gùn, kẹ́ ẹ máa fi 7 kún un: 40, 47, 54. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ gé e sí ìdajì kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ padà sí 61, 68, 75, ẹ tún gé e sí ìdajì lọ́sẹ̀ kẹjọ, lẹ́yìn náà 82 àti 90. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ìsinmi ni iṣẹ́ yín, ẹ kàn máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn ọjọ́ kúkúrú, ẹ wá òkè kan, ẹ gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹta, ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ fi lè sọ gbólóhùn kúkúrú kan ṣoṣo kí èémí tó já. Ẹ máa fi kún un títí á fi di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni ìwàǹwára. Ẹni tó bá fò láti 40 sí 80 ní ọ̀sẹ̀ kan, orúnkún rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ iwájú orúnkún ló ń dùn yín, ó ṣeé ṣe kí ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ìjókòó ti ga jù.

Kí ló dé táwọn gbajúmọ̀ yìí fi máa ń ṣubú nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti dúró? Kò yé mi rárá. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Leeds

Bàtà ló ń fà á. Bàtà àwọn agunkẹ̀kẹ́ ní irin tàbí ike kan lábẹ́ tó ń há sínú pẹ́dà, kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Láti yọ ọ́, ẹ kì í fa ẹsẹ̀ sókè o. Ẹ ó yí gìgísẹ̀ síta ni. Nígbà tí iná bá di pupa lójijì, ara á gbàgbé, á fa ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ ò ní í yọ, kẹ̀kẹ́ á wó lulẹ̀ bí igi. Àwọn kan tún máa ń yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí wọ́n wá fì sí òsì.

Ẹ ra pẹ́dà SPD, irú pẹ́dà Shimano tó ń há bàtà mú, àti bàtà tó ní irin kékeré, irú èyí tó ṣeé fi rìn. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ Allen onímìlímítà mẹ́ta tú ìdè pẹ́dà, ẹ yí i sí òsì títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Tẹ́ ẹ bá ní kí irin Shimano tí wọ́n ń pè ní SH56 wà lábẹ́ bàtà dípò SH51, ẹsẹ̀ á lè yọ láti ọ̀nà púpọ̀, kì í ṣe síta nìkan, ìyẹn sì dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ fara ti ògiri, ẹ há ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ yọ ọ́, nígbà àádọ́ta. Kẹ́ ẹ wá lọ sórí koríko. Lójú títì, ẹ yọ ẹsẹ̀ kan nígbà tó bá ku mítà mẹ́wàá kẹ́ ẹ dúró, ẹ sì ti bọ́ sí jíà tó fúyẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, torí ẹni tó dúró sínú jíà líle kò ní í lè gbéra padà láìfì.

Paddy McGuinness orí tẹlifíṣọ̀n gun kẹ̀kẹ́ Raleigh Chopper láti Wrexham dé Glasgow lọ́dún 2024 fún Children in Need, ètò BBC tó ń kówó jọ fún àwọn ọmọdé. Ọmọ mi sọ pé bákan náà ni gbogbo kẹ̀kẹ́ rí. Kí ló mú kí tirẹ̀ nira tó bẹ́ẹ̀? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ní Birmingham

Ìyá wa, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta máìlì ni ọkùnrin náà gùn láàárín ọjọ́ márùn-ún, ìyẹn ọgọ́ta máìlì lójúmọ́, nínú òtútù oṣù kọkànlá. Ẹni tó gbára dì lè fi kẹ̀kẹ́ eré ìje ṣe èyí láìkú. Chopper ni ìṣòro rẹ̀. Àwọn ọmọdé ayé àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n máa fi yan kiri àdúgbò. Ó wúwo. Táyà iwájú rẹ̀ kéré ju ti ẹ̀yìn lọ, 16 sí 20 ínǹṣì, ó sì ń kó sínú gbogbo ihò ojú ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ ga, ìjókòó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pẹ́dà, tí èèyàn kò lè tẹ̀ ba: àyà lẹ ó fi gba gbogbo afẹ́fẹ́.

Ibi tó nira jù ni jíà. Chopper àtijọ́ ní jíà mẹ́ta tó wà nínú ikùn wíìlì ẹ̀yìn. Ti àárín kò yí nǹkan kan padà, tìsàlẹ̀ ń dín in kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, tòkè ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Láti orí èyí tó fúyẹ́ jù dé èyí tó le jù, kò tó ìlọ́po méjì. Kẹ̀kẹ́ eré ìje tó ní ṣéèníwíìlì oléyín 50 àti 34 níwájú, àti fíríwíìlì oléyín 11 dé 32 lẹ́yìn, ju ìlọ́po mẹ́rin lọ.

Èyí kan ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́. Ní 34 níwájú àti 32 lẹ́yìn, pẹ́dà yíká lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ lọ nǹkan bíi mítà 2.2. Tẹ́ ẹ bá yí i nígbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ ń lọ ní kìlómítà mẹ́sàn-án ó lé, ìwọ̀n tó gbé èèyàn gun Joux Plane nínú wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ oléyín 39 níwájú àti 25 lẹ́yìn á lọ mítà 3.3. Kẹ́ ẹ tó lè máa lọ ní ìwọ̀n kan náà, pẹ́dà á yí nígbà 48 péré, orúnkún lá sì ru gbogbo ẹrù náà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé eyín mélòó ló wà lẹ́yìn. Bí kò bá tó 32, tí òkè sì wà níwájú yín, ẹ ní kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé David Walliams apanilẹ́rìn-ín àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun gbogbo ọ̀nà láti John o' Groats ní òkè Scotland dé Land's End ní ìsàlẹ̀ England lọ́dún 2010? — Olùkàwé kan ní Milton Keynes

Ẹgbẹ́ náà lápapọ̀ gùn ún, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ni, fún Sport Relief, ètò ìkówójọ fún àánú. Bí àwọn kan ṣe ń gùn, àwọn yòókù ń sinmi.

Ìdí ń dùn mí. Mo rí i pé gbogbo àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n náà ń ráhùn rẹ̀. Mo ra ìjókòó tó rọ̀ bíi tìmùtìmù, ó tún wá burú sí i. — Arábìnrin kan ní Manchester

Arábìnrin wa, ẹ dá a padà. Egungun ìdí méjì ló yẹ kó gbé yín ró. Tí ìjókòó bá rọ̀ jù, egungun á rì sínú rẹ̀, ìyókù á wá máa tẹ ojú ara, níbi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa gbà kọjá fàlàlà. Ìjókòó tó le díẹ̀, tó fẹ̀ tó àyè egungun yín, tó sì lójú láàárín ló dára. Ẹ gbé e kalẹ̀ kó tẹ́jú. Ẹ lè tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bínńtín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ ó máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ á sì máa kú.

Ẹ wọ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní fóòmù, kẹ́ ẹ má sì wọ pátá sábẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: ojú rírán pátá ló ń ha abẹ́ itan títí á fi bó. Ẹ fi ìpara tàbí faselíìnì díẹ̀ síbẹ̀, ẹ fọ ṣòkòtò náà lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa dìde dúró lórí pẹ́dà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Gíga ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ há ìwé líle kan sáàárín itan kó kan òkè gbagbara, ẹ wọn ún láti ilẹ̀ dé orí ìwé. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.883. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, ẹ ó rí 70.6. Ìyẹn ni ìwọ̀n láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí dé orí ìjókòó. Kẹ́ ẹ wá gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí fì.

Kí ni mo lè jẹ? Mi ò fẹ́ràn àwọn nǹkan dídùn inú ọ̀rá tí wọ́n ń fà mu yẹn. — Bàbá Ìbejì, Woolwich

Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ṣúgà tó wà ní ìpamọ́ nínú iṣan kì í ju wákàtí méjì lọ tí iṣẹ́ bá le. Tó bá tán, ojú á ṣú, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èèyàn á sì máa bínú láìnídìí. Gbajúmọ̀ tí ẹ rí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ń sunkún, ebi ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ jẹ oúnjẹ onísítáàṣì tàbí ṣúgà tó tó gíráàmù 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ti pé. Ẹ po omi ìdajì lítà, ṣíbí ìjẹun ṣúgà mẹ́ta tó tẹ́jú, iyọ̀ ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré, àti ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Ìyẹn tó bíi 36. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó 25. Ìgò kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ní wákàtí kan, ó parí. Ní àárọ̀, wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ẹ jẹ iṣu sísè tàbí ògì pẹ̀lú búrẹ́dì. Ẹ̀wà kọ́ o, kò yẹ ikùn tó fẹ́ tẹ̀ ba fún wákàtí márùn-ún.

Òkè gígùn kò bà mí lẹ́rù, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ṣé bíréèkì lè já? — Arákùnrin kan ní Croydon

Ìbẹ̀rù yín tọ́. Ẹni tó ń fà á láìsinmi láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ ń dáná sun ún: rímù á gbóná, túùbù á bẹ́, tàbí kí pádì dán tí kò ní í di nǹkan mú mọ́. Ẹ di ìsàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ mú, ẹ fa bíréèkì méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ tú u kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ẹ tún fà á. Kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà ni kẹ́ ẹ ti dín eré kù, kì í ṣe nínú kọ́nà. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òde wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tinú wà lókè, kí ojú máa wo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ jáde sí. Táyà mìlímítà 28 fún ẹni kílò 75, afẹ́fẹ́ 65 sí 75 psi ti tó. Tójò bá rọ̀, ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa bíréèkì ní ìlọ́po méjì ọ̀nà tẹ́ ẹ máa ń lò nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ.