Jórinjórin tó fẹ́ kúrò ní Ìlọrin

Àbúrò mi, o ní iṣẹ́ jórinjórin lo kọ́, o sì ń bèèrè bóyá Èkó ni kí o kó lọ láti Ìlọrin, tàbí kí o kó lọ sí Ìbàdàn. Èmi á ní kí o wo Ọ̀tà tàbí Àgbárá. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n wà, ẹ̀gbẹ́ Èkó náà ni, ilé iṣẹ́ ńláńlá sì kún ibẹ̀. Owó ilé wọn kò wọ́n tó ti Ìkẹjà.

Jọ̀ọ́, má tíì kó ẹrù o! Èmi kó lọ sí Èkó láìwádìí, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi jókòó láìríṣẹ́. Kọ́kọ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ẹni tí o mọ̀, kí o máa yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn jórinjórin àdúgbò, kí o bèèrè iye tí wọ́n ń gbà lójúmọ́. Mú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ dání.