Èsì: Ìdí tí alùpùpù fi ń ṣubú bẹ́ ẹ bá fẹ́ yípo

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ìgbà tẹ́ ẹ bá rọra ń yípo nínú iyanrìn ló máa ń ṣubú. Bíréèkì iwájú ni. Bẹ́ ẹ bá fún un nígbà tí táyà iwájú kò dúró gbọọrọ, ilẹ̀ yá. Bíréèkì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa lò níbẹ̀.

Tó bá ti ṣubú, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá wá ṣíná, tó sì jẹ́ oníkábúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì), ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo ló kún un: ẹ má fa ṣóòkì (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù), ẹ yí ọwọ́ iná dé òpin, kẹ́ ẹ tẹ kíkì bí ìgbà 5 sí 10.

Bóòtù tó de ọwọ́ bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì, ẹ má dè é pinpin. Tí alùpùpù bá nàlẹ̀, kí ọwọ́ náà lè yí, kó má kàn ṣẹ́.