Ẹ Bi Tíṣà: Ọwọ́ Ta Ni Bírò Wà?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àpò lósẹ̀ yìí. Èyí àkọ́kọ́ gùn, mo gé e kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Àǹkárá ni mò ń tà ní Òṣogbo. Ọmọbìnrin mi wà ní JSS2. Ó ti lé lọ́dún kan tí tíṣà lẹ́sìnnì ti ń wá kọ́ ọ ní ìṣirò nílé, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Bó bá ṣe iṣẹ́ àmúrelé, 9 nínú 10, 10 nínú 10 ni. Ìdánwò dé, ó gba 23 nínú 100. Bàbá rẹ̀ ní ká jẹ́ kí tíṣà máa wá lójoojúmọ́. Èmi ń rò ó pé bóyá orí ọmọ náà ni kò gba ìṣirò, torí orí tèmi náà kò gbà á. — Ìyá Aláǹkárá

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláǹkárá, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Kí ẹ tó fi ọjọ́ kún ọjọ́ fún tíṣà yẹn, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Bó bá tún wá, ẹ gbé àpótí yín sí tòsí wọn, kí ẹ máa ṣa ẹ̀wà, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Bírò ni kí ẹ máa wò. Ọwọ́ ta ló wà? Bí wákàtí kan bá kọjá tó jẹ́ pé tíṣà ló ń kọ, tí ọmọ kàn ń ṣe “ó ti yé mi sà, ó ti yé mi sà”, ẹ ti rí ibi tí 10 nínú 10 ti ń wá nìyẹn.

Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì n’Íbàdàn, mo ń kọ́ ọmọkùnrin kan ní Mọ́kọ́lá. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí n lọ láìjẹ àmàlà, n kò sì fẹ́ kí owó oṣù yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bá ń “ràn án lọ́wọ́”. Gbogbo iṣẹ́ àmúrelé ọmọ yẹn, èmi ni mo ṣe é, òun kàn ń dà á kọ ni. Ó dé ìdánwò ìwọlé sí girama, ó kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, ìyókù òfìfo. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó san owó mi pé, ó ní kí n máà wá mọ́. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọmọ tó bá ń ṣubú ní JSS2, ibi tó ti kọsẹ̀ kì í sábà jẹ́ JSS2. Wọ́n á ní àlùjébírà ló le. Irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wá bá mi, ìbáà wà ní SS3, ìbéèrè kan náà ni mo fi ń pàdé rẹ̀: ìlàjì pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta, mélòó ni? Ọ̀pọ̀ wọn á ro 1 mọ́ 1, wọ́n á ro 2 mọ́ 3, wọ́n á gbé 2/5 wá fún mi. N kì í fa igi sí i. Mo máa ń bi wọ́n pé, bí mo bá gé búrẹ́dì sí ọ̀nà márùn-ún, tí mo fún ọ ní méjì, ṣé ó tó ìlàjì? “Kò tó, sà.” Ó dáa. Ìlàjì lo kọ́kọ́ ní, mo tún wá bù sí i fún ọ; báwo ló ṣe wá dín? Ilé á pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni lẹ́sìnnì gan-an, òun ni ẹ ń sanwó fún. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ti bírò sí i lọ́wọ́ pé kó gé búrẹ́dì náà sí mẹ́fà fúnra rẹ̀: ìlàjì rẹ̀ 3, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ 2, ó di 5 nínú 6. Iṣẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá tò lé e lórí ló máa wó.

Torí náà, ẹ ní kí tíṣà yín padà sẹ́yìn. Bó bá ní sílébọ́ọ̀sì kò ní parí, ẹ ní èmi ni mo ní kó máà parí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ yóò bá dá iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ ṣe, kó gba 4, ká mọ̀ pé 4 ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ orí yín tí kò gba ìṣirò. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ gé yáàdì méjì àbọ̀ fún òun, tí yáàdì kan jẹ́ ₦1,800, kó tó ṣí pọ́ọ̀sì ẹ ti pe ₦4,500. Ta ló kọ́ yín? Ẹ mú méjì, ó di ₦3,600. Ẹ mú àbọ̀, ₦900. Ẹ pa á pọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ojú pátákó fún ọmọ yín tó ń bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa mú un lọ sí ìsọ̀ ní Sátidé, kó máa fún oníbàárà ní ṣéńjì. Bó bá ṣì í, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Oníbàárà á bá yín pariwo.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún 34 ni mí, iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì. F9 ni mo gbà nínú máàtì nígbà yẹn. Mo fẹ́ tún WAEC ṣe kí n lè wọ Pólì, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti jókòó sáàárín àwọn ọmọdé. — Bíríkìlà

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá igun ilé gún kí ẹ tó walẹ̀ ìpìlẹ̀, ṣebí ẹ̀ ń wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan, 4 lórí èkejì, ẹ wá na téèpù láàárín wọn bóyá yóò jẹ́ 5 gééré? 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, pa wọ́n pọ̀, 25, òun náà ni 5 lọ́nà 5. Àwọn ọmọ tí ojú wọn ń tì ọ́ mọ̀ ọ́n sórí pé Pythagoras ni. Ìwọ lo ti fi kọ́lé.

Ìwé kejì máàtì WAEC, ìyẹn Paper 2, ni kí o múra sí. Wákàtí méjì àbọ̀ ni. Ìbéèrè márùn-ún ní apá A, dandan ni, máàkì 40. Mẹ́jọ ní apá B, o máa yan márùn-ún, máàkì 60. Mẹ́wàá nìyẹn nínú 150 ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ogójì ìṣẹ́jú jà pẹ̀lú ẹyọ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ta méjì mìíràn nù. C6 ni o nílò. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀: bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí kọnkéré ṣe pọ̀ tó, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ti igun inú róbótó (circle theorem) tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú, fi í sẹ́yìn. Ìdánwò àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé wà lọ́tọ̀, o ò nílò yúnífọ́ọ̀mù. Wá tíṣà kan tí ẹ̀yin méjì péré yóò máa jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Bó bá gba bírò lọ́wọ́ rẹ, gbà á padà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ-ọmọ mi wà ní Year 4 ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń múra ìdánwò táìmù tébù. Ìyá rẹ̀ ní kí n yé ka òǹkà Yorùbá fún un, pé yóò da orí rẹ̀ rú. Ṣé lóòótọ́ ni? — Màmá Peckham

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ máa kà á lọ. Ìbéèrè 25 ni ìdánwò yẹn, ìṣẹ́jú-àáyá 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè bá ọmọ di bírò níbẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n’Ílé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò pẹ̀lú, orí kankan kò dàrú, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Táìmù tébù 20 ti wà nínú òǹkà wa: ogójì, ogún lọ́nà èjì; ọgọ́ta, lọ́nà ẹ̀ta; ọgọ́rin, lọ́nà ẹ̀rin; ẹ lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọgọ́sàn-án. Ìyọkúrò náà wà níbẹ̀. Ní 44, a fi mẹ́rin lé ogójì. Ní 45, a ti kẹ̀yìn sí ogójì, àádọ́ta là ń wò, a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ní kó máa kà á bọ̀ sẹ́yìn láti àádọ́ta. Ibẹ̀ ni yóò ti dúró, láàárín márùndínláàádọ́ta àti mẹ́rìnlélógójì. Ẹ má sọ ọ́ fún un.