Bí ẹ ṣe lè rẹ iwájú Ìjàpá (Volkswagen Beetle) sílẹ̀ láìgé bíìmù rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé irin kankan nínú bíìmù yẹn, ìyẹn páìpù 2 tó dábùú iwájú ọkọ̀. Ẹ ní Ìjàpá 1300 ti 1972 ni, ẹ fẹ́ kí iwájú rẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 2, kí ẹ sì lè dá a padà bí ẹ bá fẹ́ tà á. Ẹ tún bèèrè irú ṣọ́ọ̀kì tí ẹ máa rà. Drop spindle ni kí ẹ rà: spindle ni irin tó gbé ọ̀pá tí táyà iwájú ń yí lé, èyí ni wọ́n sì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè ní íǹṣì 2.5. Ẹ wò ó dáadáa: ti bíréèkì dúrọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí ti díìsìkì. Bí ẹ bá yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ tí ẹ kò rí páìpù 2 tó dábùú iwájú, 1302 tàbí 1303 ni ọkọ̀ yín, iṣẹ́ yìí kò kàn án.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá Volkswagen á ní kí ẹ yọ pẹlẹbẹ irin díẹ̀ nínú páìpù. Pẹlẹbẹ yẹn ni sípíríǹgì ọkọ̀ yín! Bí ó bá dín, ọkọ̀ á wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo kòtò ni yóò máa gbá a mọ́ rọ́bà ìdádúró. Àwọn mìíràn á ní kí wẹ́dà gé àárín bíìmù, kó jó adjuster (irin tí a fi ń yí gíga ọkọ̀ padà) mọ́ ọn. Bí kò bá kó pẹlẹbẹ jáde kó tó taná, iná á pa agbára irin náà. Bí páìpù òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá yí dọ́gba, apá irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ á máa bá ara wọn jà, ball joint (oríkèé tó so apá irin mọ́ spindle) á sì há. Bí ẹ bá ṣáà fẹ́ ẹ, bíìmù kejì ni kí ẹ rà fún un.

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ tú táyà àti dúrọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀tì bíárìn apá òsì ń tú sódì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ba ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí lé jẹ́. Apá òsì yìí kan náà ni okùn mítà gbà kọjá, ẹ yọ ọ́ kẹ́ẹ́ tó fa dúrọ́ọ̀mù. Kí ẹ tó tú ball joint òkè, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí ihò kékeré ara búṣì rẹ̀ kọjú sí, torí òun ló ń pinnu bí táyà ṣe dúró.

Wàhálà gidi wà lẹ́yìn tí ẹ bá de spindle tuntun tán. Láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ mílímítà 2,400. Bí iwájú bá wálẹ̀ ní mílímítà 63, tí ẹ̀yìn dúró síbi tó wà, ọkọ̀ á tẹ̀ síwájú ní nǹkan bíi dígírì 1.5. Caster (bí ìlà tí táyà iwájú ń yà lé ṣe tẹ̀ sẹ́yìn) tó bá ọkọ̀ wá kò sì ju dígírì 3 àti díẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ní eré 80 ọkọ̀ á máa rìn gbéregbère, sítíárìn kò ní fẹ́ padà sáàárín. Àwọn aṣe-alignment á ní steering box (àpótí sítíárìn) ti jẹ, ẹ ra tuntun. Ẹ má rà á. Caster shim (irin tí a ń ki sáàárín láti fi tún caster ṣe) ni kí ẹ rà, ẹyọ kan fún apá kọ̀ọ̀kan, láàárín páìpù ìsàlẹ̀ àti orí férémù, kó lè ti ìsàlẹ̀ bíìmù síwájú. Kí bóòtù ibẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìwọ̀n tí shim fi nípọn. Bóòtù 2 tó di bọ́dì mọ́ bíìmù wà lábẹ́ táńkì epo, nítorí náà ẹ tú bátìrì abẹ́ àga ẹ̀yìn kẹ́ẹ́ tó gbé táńkì, kí iná kankan má sì sí nítòsí.

Àwọn tó ń fẹ́ táyà tún ń dá kún un: wọ́n á fún gbogbo rẹ̀ ní 35 psi. Iwájú Ìjàpá kò ju 16 sí 18 psi lọ, ẹ̀yìn 26 tàbí 27. Spindle yìí máa ń ti táyà síta díẹ̀, nítorí náà táyà tó fẹ̀ ní 145 dáa ju 155 lọ fún iwájú, kó má máa ha ara ọkọ̀. Mítà á wá máa pe eré ju bó ṣe rí lọ, torí táyà òsì, tó ti kéré sí i, ló ń yí i.

Ti ṣọ́ọ̀kì: spindle kò yí ipò apá irin padà, èyí tó wà níbẹ̀ tó. Bíìmù tí wọ́n yí ló ń fẹ́ kúkúrú. Ẹ fi gíríìsì pa spindle àtijọ́, ẹ kọ òsì àti ọ̀tún sí i lára, kí ẹ sì so bóòtù kúkúrú ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn.